Ẹni tó ń kọ́mọ níṣẹ́ ni kí ẹ rán lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n kan láti Láfẹ́nwá béèrè bóyá ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà wọn fowó àjọ rán èèyàn méjì lọ síbi ìpàtẹ ọjà àgbáyé, torí àwọn kan ní ìnáwó asán ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rán wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi.

Ẹ̀rọ ìringààrí ni mo ń ṣe ní Abẹ́òkúta níbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ l'Ékòó, ọjà ni mo bá lọ. Mo gba àyè, mo kun ẹ̀rọ méjì ní ọ̀dà tuntun, mo jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀kan péré ni mo tà. Gbèsè tí mo jẹ, oṣù mẹ́jọ ni mo fi san án.

Ọmọṣẹ́ tó bá mi lọ ló ríran. Àwọn kan láti òkè òkun pàtẹ ẹ̀rọ ìlọǹkan sí iwájú wa. Èmi ń wo bó ṣe ń dán. Ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó sì yà á sórí ìwé: wọn ò kan bíárìn, ìyẹn irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, mọ́ ara àpótí ẹ̀rọ bíi tiwa, wọ́n yọ ọ́ síta, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé omi gbágùúdá tó kan ló ń jẹ bíárìn wa. Torí ẹ̀ làwọn ìyá onígààrí ṣe ń gbé ẹ̀rọ padà wá bá mi kí oṣù mẹ́fà tó pé.

A délé, a fẹ́ ṣe irú ẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ṣáàfù mẹ́rin, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, la bà jẹ́. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n kàn ń wò mí lọ́wọ́ ni. N kò jókòó kọ́ wọn rí bí a ṣe ń wọn irin kó pé, tàbí bí a ṣe ń ka àwòrán. Ìdí iṣẹ́ oníbàárà ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, oníbàárà kì í sì í dúró de ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ìgbà tí mo kà nípa àwọn ìpàtẹ àtijọ́ ni ojú mi là. Ní Philadelphia, l'Ámẹ́ríkà, ní 1876, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Moscow, tí Victor Della-Vos jẹ́ olórí rẹ̀, pàtẹ àwọn irin táwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi kọ́ṣẹ́, láti orí èyí tó rọrùn dórí èyí tó le. Wọ́n ya ìkọ́ṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ títà. John Runkle, olórí MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ kan l'Ámẹ́ríkà níbẹ̀, rí i, kò sì jẹ́ kọ́dún yẹn parí kó tó mú ọ̀nà náà wọ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti kẹ́kọ̀ọ́ tiwọn ní Paris ní 1867. Lyon Playfair, tó wà lára àwọn adájọ́ níbẹ̀, kọ lẹ́tà pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń lé wọn bá torí pé wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ wọn dáadáa. Síbẹ̀, 1889 ni wọ́n tó ṣòfin ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọdún méjìlélógún! Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí, torí èmi náà fi àkókò àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, láàárọ̀ Sátidé, a kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà. Àjákù irin ni: wọ̀n ọ́n, gé e, fi fáìlì ha á, tún un ṣe. Nígbà tó di oṣù karùn-ún tí a bẹ̀rẹ̀, ṣáàfù tọ́.

Nítorí náà, ẹ má rán alága torí pé ó jẹ́ alága. Ẹ rán ẹni tó ń kọ́mọ níṣẹ́, àti ọmọṣẹ́ kan tó mọ àwòrán yà. Ẹ pín owó náà sí méjì, kẹ́ ẹ fi ìdajì ra fáìlì, fáìsì tó ń di irin mú, àti àjákù irin dè wọ́n. Kẹ́ ẹ sì ra ìwé ìyàwòrán fún ọmọ náà. Ẹ̀yìn ìwé ìpolówó ni tèmi ya tirẹ̀ sí, ó ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.