Ọlọ́pàá Pè Mí Nítorí Ohun Tí Mo Kọ sí Facebook: Ṣé Kí N Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Tísà ni mí ní Iléṣà. Mo kọ ọ́ sórí Facebook pé kọngílá tó gba iṣẹ́ gọ́tà àdúgbò wa ti gbowó, ó sì ti sá lọ. Mo fi fọ́tò kòtò tó gbẹ́ sílẹ̀ sí i. Ẹnìkan wá pè mí lórí fóònù pé ọlọ́pàá lòun, pé wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn lábẹ́ òfin Cybercrime, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n wá ṣàlàyé ara mi. Ṣé kí n lọ? Ṣé kí n yọ ohun tí mo kọ kúrò? Wọ́n ní wọ́n máa gba fóònù mi pẹ̀lú.

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ, ẹ má sì tíì yọ nǹkan kan kúrò.

Kí ẹ tó dìde rárá, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń pè yín. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀, àgọ́ tó wà àti ẹni tó mú ẹ̀sùn wá, kí ẹ sì ní kó fi ìwé ìpè ránṣẹ́. Àwọn gbájúẹ̀ náà ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Wọ́n á ní ẹjọ́ yín ti dé Àbújá, kí ẹ tètè fi nǹkan ránṣẹ́ kí fáìlì má baà kọjá ọwọ́ àwọn. Ẹni tó bá dárúkọ owó lórí fóònù, ẹ pa ìpè náà.

Òfin tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín ni Cybercrimes Act ti ọdún 2015, abala kẹrìnlélógún gan-an. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, bí èèyàn bá fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tan ohun tó mọ̀ pé irọ́ ni ká, láti fi bú ẹlòmíràn, láti fi bí i nínú, tàbí kó ṣáà lè kó àníyàn bá a, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lè wà níbẹ̀, tàbí owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹ sọ fún mi, ta ni wọn ò lè fi irú òfin bẹ́ẹ̀ mú? Ní oṣù Keje ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ pé abala yìí tako ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn ẹni, ó sì ní kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ìjọba káwọ́ lẹ́rán títí di oṣù Kejì ọdún 2024 kí ààrẹ tó fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀.

Àtúnṣe yẹn ló yẹ kí ẹ dì mú. Nǹkan méjì ló kù nínú apá tí wọ́n sábà máa ń lò: àwòrán ìṣekúṣe, àti irọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì tan ká láti fi dá ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Bíbú èèyàn ti kúrò níbẹ̀. Bíbí èèyàn nínú ti kúrò níbẹ̀. Inú kọngílá lè bàjẹ́ títí di àjíǹde, ìyẹn kì í ṣe ìlú tó dàrú. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ pè yín lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin yìí, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ni ẹjọ́ náà, kì í ṣe májísíréètì.

Mi ò ní tàn yín: ohun tó wà nínú ìwé òfin àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta kì í sábà jọra. Ní ọdún 2023, kí àtúnṣe tó dé, wọ́n gbé obìnrin kan láti Èkó lọ sí Àbújá nítorí pé ó kọ ọ́ sí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò kan. Lẹ́yìn àtúnṣe ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n mú lọ́yà Dele Farotimi l'Ékòó, wọ́n gbé e lọ sí Adó-Èkìtì lórí ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀sùn Cybercrime kún un. Ìgbà tí àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá dá sí i ni Olóyè Afẹ́ Babalọlá tó fẹjọ́ sùn gbà láti jáwọ́.

Ìbanilórúkọjẹ́ yìí gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín ti lè wọ́. Ó ṣì wà nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún 1, tàbí 2 bí ẹni náà bá mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, kọngílá sì tún lè pè yín lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú. Ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn yín. Kòtò tí ẹ yà ní fọ́tò, ẹ rí i, gbogbo àdúgbò rí i. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn mú yín. "Ti gbowó": ta ló sọ fún yín? Ṣé ìwé wà, àbí káńsílọ̀ kan ló sọ ọ́ nípàdé? Bí ẹ bá ní ẹ̀rí rẹ̀, ẹ ti bọ́, nítorí òótọ́ tí èèyàn sọ fún àǹfààní ará ìlú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin. "Ti sá lọ" ló ń kọ mí lóminú. Ẹ ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìjọba ni kò tíì sanwó fún un. Ká ní ẹ kọ ọ́ pé "a ò rí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́, ibo ni owó wà?", ọ̀rọ̀ náà ì bá gún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní rí ibi fi mú yín.

Nípa yíyọ ọ́ kúrò: ẹni tó fẹjọ́ sùn ti ya àwòrán rẹ̀ pamọ́ tipẹ́. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni déètì, fọ́tò, àti àwọn aládùúgbò tó dáhùn pé "òótọ́ ni, ẹ̀yìn ilé wa náà nìyẹn", bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí yín ni wọ́n. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ pamọ́, kí fọ́tò àkọ́kọ́ sì wà nínú fóònù bí ẹ ṣe yà á, torí ó ń gbé ọjọ́ àti wákàtí. Bí lọ́yà yín bá wá ní kí ẹ yí gbólóhùn kan padà, ó di ìgbà náà.

Fóònù? Abala 45 òfin Cybercrime yìí kan náà ní kí ọlọ́pàá lọ bẹ adájọ́ fún ìwé àṣẹ tó bá ń wá ẹ̀rí inú ẹ̀rọ, abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa sì dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣí i, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ìwé adájọ́. Bí wọ́n bá fipá gbà á, ẹ má wọ̀yá ìjà. Ẹ ṣáà mọ orúkọ ẹni tó gbà á àti àkókò tó gbà á.

Ní àgọ́, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà yín sọ̀rọ̀. ACJA ti ọdún 2015, ìyẹn òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn, fàyè gbà á kí lọ́yà, òṣìṣẹ́ Legal Aid Council (àjọ ìjọba tó ń wá lọ́yà fún ẹni tí kò lówó) tàbí ẹni tí ẹ bá yàn jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń kọ státímẹ́ǹtì. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Bí IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, bá bá yín kọ ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Béèlì ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri wọn.

Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè dá yín dúró kí wọ́n tó gbé yín lọ síwájú adájọ́, Iléṣà sì ní kóòtù. Ẹni tó bá fẹ́ kó yín sí wàhálà mọ ìyẹn, ló ṣe máa ń fẹ́ kí ẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lè sun ibẹ̀ mọ́jú ọjọ́ Ajé. Bó bá dárúkọ ọjọ́ Ẹtì, ẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, lọ́yà yín ń bọ̀ pẹ̀lú yín.