Ṣé àṣà òyìnbó ni òṣèlú obìnrin?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Àwọn obìnrin ọjà wa ní kí n jáde du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Ọkọ mi fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè mí jókòó, ó ní àṣà òyìnbó ni kí obìnrin máa ṣe òṣèlú, pé kò sí nínú ìṣe Ẹ̀gbá. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un, mo bá dákẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Aládìrẹ, Ìtòkú)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má dákẹ́ mọ́. Fi ọ̀wọ̀ bi bàbá náà pé ta ni Ẹ̀gbá fi jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864. Ẹfúnróyè Tinúbú ni, ẹni tó wá ìbọn àti ẹ̀tù fún ìlú nígbà tí ogun Dàhòmì ń bọ̀.

Kí a wá bọ́ sí èyí tó kàn mí gan-an. Ìrẹsì ni ìyá tó bí mi ń tà nígbà ogun Hítílà. Àwọn tí aláṣẹ rán wá sọ́jà gba àpò méjì lọ́wọ́ rẹ̀, owó tí wọ́n jù sí i kò tó iye tó fi rà á. Owó orí tún wà níbẹ̀: nílẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà náà, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ń san owó orí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin tó kàwé ní ẹgbẹ́ kan tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé ni wọ́n gbọ́ ohun tí ojú àwọn yẹn ń rí. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó síwájú ààfin ní Aké, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ìyá mi wà láàárín wọn. Ó ní ẹ̀kọ àti àkàrà ni àwọn dì dání, pé òtútù mú òun lóru títí ìyá àgbà kan tí òun kò mọ̀ rí fi ṣí ìborùn rẹ̀ bo òun. Ní 1948, owó orí obìnrin dáwọ́ dúró, Kábíyèsí sì fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. (Wọ́n padà wálé ní 1950. N kò sọ èyí láti tàbùkù ààfin.) Lẹ́yìn náà, obìnrin mẹ́rin wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú.

Ní òru tí ìyá mi sùn sí Aké yẹn, obìnrin Swítsálandì kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣòfin orílẹ̀-èdè wọn. Ní 1959, àwọn ọkùnrin wọn dìbò pé àwọn kò gbà. Ó di 1971 kí wọ́n tó gbà. Ní ìpínlẹ̀ Appenzell Innerrhoden níbẹ̀, ilé ẹjọ́ ló fi agbára mú wọn gbà ní 1990. Ní New Zealand, tí obìnrin ti dìbò ṣáájú gbogbo orílẹ̀-èdè, ní 1893, Kate Sheppard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti kó ìbuwọ́lùwé tó sún mọ́ 32,000 jọ. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ìwé, wọ́n ká a bí ẹní, wọ́n sì gbé e lọ sílé aṣòfin. Àwọn òyìnbó tí bàbá ń sọ, obìnrin tiwọn náà jà kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti rẹ̀yìn. Ní Rùwáńdà, obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin láti 2008. Tiwa ńkọ́? Lẹ́yìn ìdìbò 2023, obìnrin tó wà nílé aṣòfin àgbà l'Ábùjá kò pé márùn-ún nínú 109. Ní oṣù kẹta 2022, àbá tí ì bá ya àga sọ́tọ̀ fún wa ti dé iwájú àwọn aṣòfin, wọ́n dà á nù. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, jáde. Ṣùgbọ́n tètè forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù rẹ, nítorí òfin wa kò fàyè gba ẹni tó fẹ́ dá dúró láìní ẹgbẹ́. Àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni kí o ti béèrè ọjọ́ àti ìwé tí wọ́n ń fẹ́. Kí àwọn obìnrin ọjà tó rán ọ sì wá ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ lè yàn láti dúró fún ọ ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi fi káàdì ìdìbò mi pamọ́. Ó ní ọjọ́ ìbò ni òun máa kó o fún mi, kí n lè tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ òun. (Ìyàwó ilé, Adátán)

ÌDÁHÙN: Orúkọ rẹ ló wà lára káàdì yẹn. Òfin ìdìbò wa ka fífi káàdì ẹlòmíràn pamọ́ lọ́nà àìtọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. N kò ní kí o gbé ọkọ rẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá o. Bẹ àgbà kan tí ọkọ rẹ máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu kó bá a sọ ọ́. Bó bá dá a padà, ìwọ nìkan ni wàá wà níbi tí o ti máa tẹ̀ka, kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, lọ bá INEC nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ṣì ń lọ, kí wọ́n ṣe òmíràn fún ọ.