Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Gùn, Kí Ló Máa Bá A Ráìmù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Màámi máa pé ẹni 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wá ní èmi ni kí n kọ ewì Gẹ̀ẹ́sì tí a máa kà níbi ìnáwó torí èmi ni mo máa ń kọ nǹkan nílé wa. Mo kọ ọ́ kọ ọ́, mo fi "generosity" parí láìnì kan, mo fi "city" parí èyí tó tẹ̀lé e. Bọ̀dá mi tó wà ní London ní kò ráìmù, ó ní etí òun ò gbà á. Mo ní ṣebí "ti" ló parí méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń wá ráìmù fún ọ̀rọ̀ tó gùn báyìí, àbí kí n kúkú yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò? Àbígbẹ̀yìn Màámi, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire Màámi o, wọ́n á pẹ́ fún yín, ẹ ó tún ṣe ti 80. Má yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò rárá.

Òótọ́ ni bọ̀dá ẹ sọ, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé etí tìẹ ló burú. Etí Yorùbá lo fi gbọ́ ọ. Nínú èdè tiwa gbogbo sílébù ló ní àyè ẹ̀, ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, kò sí ibi tí o ti ń tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ níbẹ̀, ohùn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Tí a bá wá dé orí Gẹ̀ẹ́sì a máa ń pè é bẹ́ẹ̀ náà, je-ne-ro-si-ti, gbogbo ẹ̀ á dọ́gba bí ìgbà téèyàn ń ka owó lé ara wọn lórí. Ẹni tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ dàgbà ò ní pè é báyẹn, á sáré kọjá lórí "gene", á wá gbé gbogbo ara lé "ROS", á tún sáré gbá "ity" tó kù mọ́ ọn.

Ibi tí ohùn ti wúwo yẹn ni ráìmù Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti orí fáwẹ̀lì ibẹ̀ títí dé òpin ọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bára mu, kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú fáwẹ̀lì yẹn ló máa wá yàtọ̀. Nínú "generosity", "osity" là ń wá, sílébù mẹ́ta lódindi. "City" ní tiẹ̀, orí "ci" ló ti wúwo, ìyẹn ni pé sílébù méjì péré ló ní, "pity" àti "witty" ni ẹgbẹ́ ẹ̀. Ohun tí bọ̀dá ẹ gbọ́ nìyẹn.

Tí o bá fẹ́ fojú rí ibi tó wúwo, ṣí díkíṣọ́nárì tó máa ń kọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, o máa rí i báyìí: /ˌdʒɛnəˈrɒsɪti/. Ṣé o rí àmì tó dúró sókè bí ìṣó kékeré, ṣáájú "r"? Sílébù tó tẹ̀lé e ni. Ìṣó ti ìsàlẹ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀, ohùn ibẹ̀ wúwo díẹ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe òun là ń wá. Àwọn tó fi "ity" parí tiẹ̀ rọrùn gan-an torí sílébù tó ṣáájú "ity" ni ohùn máa ń wúwo sí: opporTUnity, uniVERsity, responsiBIlity. Nítorí náà "unity" máa bá "opportunity" lọ, "humility" àti "civility" á bá "responsibility" lọ. Ti "tion" náà rí bẹ́ẹ̀, ohùn máa ń wúwo kó tó kàn án, celeBRAtion, eduCAtion, ṣùgbọ́n ìyẹn ti pọ̀ jù láyé, gbogbo káàdì ọjọ́ ìbí ló ní i, mi ò ní kí o lọ síbẹ̀.

Ó yá, àwọn tó bá "generosity" mu délẹ̀délẹ̀ nìyí: curiosity, velocity, reciprocity, animosity, atrocity, monstrosity, pomposity. Wò wọ́n dáadáa. Tí o bá yọ mẹ́ta àkọ́kọ́ kúrò, ìkórìíra, ìwà ìkà àti ìgbéraga ló kún ibẹ̀, ta ló sì fẹ́ dìde níwájú ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀ kó máa pe "atrocity" torí pé ó ráìmù? "Curiosity" nìkan ló wúlò fún ẹ, torí tíṣà ni wọ́n, wọ́n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti máa béèrè ìdí nǹkan, ìyẹn dáa, tọ́jú ẹ̀ fún ìlà míì.

Èyí tí mo fẹ́ kí o dì mú ni àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Fún ọ̀rọ̀ gígùn, mo máa ń wo fáwẹ̀lì ibi tó wúwo, mo máa ń ka iye sílébù láti ibẹ̀ dé òpin, mo máa ń fetí sí bí òpin ẹ̀ ṣe dún, tí àwọn yẹn bá ti pé, kọ́ńsónáǹtì àárín lè yẹ̀ díẹ̀, etí á gbà á. Gbé "modesty" wò: orí "mo" ló ti wúwo, fáwẹ̀lì ẹ̀ àti ti "ROS" ọ̀kan náà ni, sílébù mẹ́ta, "s" wà níbẹ̀, "t" wà níbẹ̀, "i" ló sì parí ẹ̀. "D" nìkan ló kàn wọ àárín wọn. "Honesty" náà rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó lawọ́ tí kò sì pariwo ẹ̀, ìyá tó lawọ́ tó tún jẹ́ olóòótọ́, ṣé kì í ṣe Màámi gan-an lò ń sọ yẹn?

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ọgbọ́n ọ̀lẹ ni. Emily Dickinson, obìnrin akéwì ará Amherst ní Amẹ́ríkà tó kú ní 1886, kọ ewì bíi 1,800, irú ráìmù yìí sì kún inú wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọn jọ tẹ̀ jáde bí ìwé ní 1890, àwọn tó ṣètò ìwé náà lọ tún àwọn kan ṣe kó lè dún bí èyí tó pé, àmọ́ lónìí bó ṣe kọ ọ́ gan-an la ń kà á.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo kọ ewì kan rí fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní London, mo fi "church" àti "touch" parí láìnì méjì. Nílé, nígbà tí mò ń kà á sókè, ó dùn gan-an, torí lẹ́nu wa "ọ" ló wà nínú méjèèjì. Nígbà tí mo kà á ní gbọ̀ngàn, àwọn ará wa mì orí, àwọn ẹbí ọkọ tó jẹ́ òyìnbó kàn ń wò mí ni, wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan bára mu níbẹ̀, ó dùn mí torí ibẹ̀ ni mo ti dárúkọ ìyá ìyàwó. Látìgbà yẹn, kí n tó kọ ọ́ mo máa ń béèrè ta ló máa gbọ́ ọ. Ìbàdàn lẹ ti máa ṣe tiyín, tí o bá fi "work" àti "walk" ráìmù níbẹ̀ gbogbo ilé ló máa gbọ́ ọ, mi ò sì rí ohun tó burú ńbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tiwa náà ní etí tiẹ̀. Àmọ́ "modesty" máa dún dáadáa létí ará Ìbàdàn, á tún dún létí bọ̀dá ẹ.

Tí o bá ní dátà, lọ sí ìkànnì RhymeZone lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tẹ ọ̀rọ̀ náà, á to àwọn tó bá a ráìmù fún ẹ ní iye sílébù, ó sì ní ibi tí wọ́n ya àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu sí. Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh náà ní díkíṣọ́nárì ìpè tó lé ní 134,000 ọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà 1 ló máa ń wà lára fáwẹ̀lì tó wúwo jù. Kàn rántí pé ìpè Amẹ́ríkà ni o, "sauce" àti "source" tó dún bákan náà lẹ́nu ará London ò dún bákan náà níbẹ̀.

Mo gbìyànjú ẹ̀ wò fún ẹ, fi òótọ́ ilé yín rọ́pò ohun tí mo fi síbẹ̀:

She fed nine neighbours' children, such was her generosity,
And never spoke of it in church, such was her modesty.

Tí o bá ń kà á, tẹ "ROS", tẹ "MO", jẹ́ kí ìyókù sáré lọ. Má fa "ti" ìparí gùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tíṣà wa ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó bá "orange" ráìmù, ṣé òótọ́ ni? Ọmọ SS2, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, ọmọ mi. Òkè kan wà ní Wales, nítòsí Abergavenny, Blorenge lorúkọ ẹ̀, òun bá a mu dáadáa, àmọ́ ìgbà mélòó lo máa rí àyè kọ nípa òkè yẹn? "Storage" àti "porridge" fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Ọ̀nà míì ni kí o so ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì pọ̀ kí wọ́n dún bí ẹyọ kan: "door hinge". Pè é kíákíá tẹ̀lé "orange", kí o gbọ́ ọ fúnra ẹ.