Má pààrọ̀ bọ́ọ̀dù nítorí géèmù àtijọ́

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má tíì fún ẹni yẹn lówó. O ní géèmù ogun Age of Empires II tí o gbé sórí láptọ́ọ̀pù Windows 7 rẹ ń yọ àwọ̀ kí àwọ̀: koríko pọ́n, omi di elése-àlùkò, ojú àwọn ọmọ ogun di àwọ̀ ewé. Ẹnì kan sì ti sọ fún ọ pé àfi kí o pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tó so gbogbo ẹ̀yà inú láptọ́ọ̀pù pọ̀. Irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ mi dáadáa ní Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì máa ń dùn mí wọra tí ọmọ ilé-ìwé bá ti náwó oúnjẹ rẹ̀ sórí ohun tí fáìlì kékeré kan lè tún ṣe.

Kọ́kọ́ pa á, kí o tún un tàn. Wo àmì tó máa ń yọ kí Windows tó wọlé. Bí ibẹ̀ bá ń fà ní ìlà-ìlà, ìgbà yẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù tàbí wáyà sikirínì. Bí ibẹ̀ bá mọ́, tí fídíò tí o bá wò lórí rẹ̀ náà mọ́, tó jẹ́ inú géèmù yẹn nìkan ló ti ń dàrú, géèmù àti Windows ni kò gbọ́ ara wọn yé.

Ọdún 1999 ni géèmù yẹn jáde. Àwọ̀ 256 péré ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà àwọ̀ ni àwòrán rẹ̀ sì ń pè, kì í pe àwọ̀ gan-an. Fi ojú inú wo àgbàlá aláró tó ní ìkòkò 256, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Ọmọ iṣẹ́ á kàn rẹ aṣọ sínú ìkòkò 40, torí ohun tí wọ́n ní kó ṣe nìyẹn. Bí ẹlòmíràn bá ti da aró mìíràn síbẹ̀ ńkọ́? Lórí Vista àti Windows 7, Explorer tó ń gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù ni ẹlòmíràn yẹn. Ìdí rèé tí àwọn kan fi ń ní kí o pa explorer.exe nínú Task Manager kí o tó ṣí géèmù. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ n kò fẹ́ràn rẹ̀, torí gbogbo ojú dẹ́sítọ́ọ̀pù ló máa pòórá.

cnc-ddraw, fáìlì kékeré tó ń bá géèmù ṣe iṣẹ́ àwọ̀ yẹn dípò Windows, ni mo fọkàn tán. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní jẹ dátà rẹ. Command & Conquer ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ọ̀pọ̀ géèmù tó ń lo DirectDraw, ọ̀nà àtijọ́ tí géèmù fi ń ya àwòrán lórí Windows. Ojú ewé ẹni tó ṣe é lórí GitHub ni kí o ti gbà á, torí fáìlì dll látibikíbi lè gbé kòkòrò wọlé. Kó ddraw.dll àti ddraw.ini sínú fódà tí géèmù fúnra rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni Windows ti kọ́kọ́ ń wá a. Má fi ọwọ́ kan System32, fódà Windows fúnra rẹ̀, láéláé! Bó bá jẹ́ The Conquerors, àfikún géèmù yẹn, lò ń gbá, inú fódà age2_x1 ni kí o kó wọn sí.

Bí sikirínì bá dúdú, ṣí ddraw.ini, sọ renderer=auto di renderer=gdi. Fún géèmù 3D ayé Voodoo, kádì àwòrán àtijọ́ kan, dgVoodoo 2 ni kí o wá; géèmù DOS, ètò tó ṣáájú Windows, sì ń fẹ́ DOSBox. Tí àwọ̀ bá ṣì dàrú lẹ́yìn èyí, kọ orúkọ kádì àwòrán rẹ ránṣẹ́ sí mi.