Ta ló ṣe SimCity, géèmù kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń tẹ ìlú dó, báwo ló sì ṣe ronú kàn án?

Will Wright, ará Amẹ́ríkà, ni. Nígbà tó ń ṣe géèmù ogun kan, Raid on Bungeling Bay (1984), ó ṣe irinṣẹ́ kan tó fi ń ya àwọn erékùṣù tí hẹlikọ́pítà máa ju bọ́ǹbù sí. Ó wá rí i pé títẹ́ ọ̀nà àti kíkọ́ ilé dùn mọ́ òun ju kí òun máa fọ́ wọn lọ! Ilé-iṣẹ́ Maxis gbé SimCity jáde ní 1989.

Ìwọ kọ́ lo máa kọ́ ilé níbẹ̀ o. Ilẹ̀ lo máa pín: àwọ̀ ewé fún ibùgbé, búlúù fún ìṣòwò, yẹ́lò fún ilé-iṣẹ́. Bí iná àti ọ̀nà bá ti dé ibẹ̀, àwọn ará ìlú á kọ́lé fúnra wọn. Fi owó-orí kún owó-orí, wọ́n á kó lọ.