Ẹrù rẹpẹtẹ kì í mú kí ọkọ̀ tètè dúró

Àbúrò, o ní ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé tó o bá di iṣu kún inú ọkọ̀ láti Lokoja wá sí Gwagwalada, bíréèkì á mú ju ti ọkọ̀ òfìfo lọ, torí ẹrù á tẹ táyà mọ́lẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló mọ̀. Lóòótọ́, bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó ni táyà ṣe ń di ọ̀dà mú tó, fríkíṣọ̀n nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe wúwo tó náà ló ṣe máa ṣagídí tó pé òun ò ní dúró. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Eré tó ò ń sá àti bí ojú títì ṣe rí ló kù.

Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí á lọ bíi mítà 14 lẹ́yìn tí bíréèkì bá ti mú. Sọ ọ́ di 100, wàá rò pé 28 ni. Irọ́ o, 56 ni! Tí ilẹ̀ bá tutù, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 mítà. Mi ò tíì ka ti ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wá bíréèkì: mítà 28 mìíràn ti lọ nìyẹn.

Òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù. Èmi ń bọ̀ láti Abaji, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ́ wínníwínní, kò tiẹ̀ tíì fọ títì. Eruku ọyẹ́ àti ọ́ìlì tí àwọn tírélà ti ń kán sílẹ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pò pọ̀ mọ́ omi, títì wá ń yọ̀ bí ilá. Tírélà iwájú mi dúró lójijì. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin há gbagidi, mo yí ìdarí sápá ọ̀tún, ọkọ̀ kọ̀, iwájú ló ń lọ. Táyà tó há, tó wá ń yọ̀, kì í di ilẹ̀ mú tó èyí tó ṣì ń yí, ìdí nìyẹn tí ìdarí ò fi jẹ́ mọ́. Ẹ̀yìn tírélà yẹn ń tóbi sí i lójú mi ni. Èjìká mi ṣì ń ro mí tí ọyẹ́ bá dé.

Àwọn aláṣẹ ojú ọ̀nà dé, wọ́n ní kí n mú ìwé ọkọ̀ àti C-caution wá. Ọ̀gá wọn wá là á kalẹ̀ pé ọkọ̀ mi fúyẹ́ jù, pé ká ní mo kó ẹrù ni, kò ní yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu mi, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹnì kan nínú wọn ò bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ní ká dín afẹ́fẹ́ táyà kù nígbà ooru. Má dán an wò! Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín kù á máa tẹ̀ púpọ̀, á gbóná, á bẹ́.

Tí iná ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tó o bá tẹ bíréèkì, bá ń tàn ṣáá nínú ọkọ̀ rẹ, ó ti kú nìyẹn. Máa tẹ bíréèkì, máa jọ̀wọ́ rẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, má jọ̀wọ́ ẹ̀.

Táyà tòkunbọ̀ ńkọ́? Wo òǹkà mẹ́rin tó parí nọ́ńbà DOT tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tí wọ́n bá ti họ ọ́ kúrò, máa lọ.

Iṣu rẹ, so ó. Tí ọkọ̀ bá dúró, iṣu ò gbọ́, eré tí ọkọ̀ ń sá tẹ́lẹ̀ ló máa fi wá bá ọ lórí. Kó o sì dín in kù, torí ẹrù púpọ̀ ń mú bíréèkì gbóná níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì tó bá sì ti gbóná jù kì í mú mọ́.