Pákó orí àtẹ̀gùn: ṣé ìrókò ni ká rà àbí àfàrà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé tá à ń kọ́ ní Ìgbógbó, Ìkòròdú, ti dé orí àtẹ̀gùn báyìí, kọnkéré ni wọ́n fi dà á. Ọkọ mi ò fẹ́ táìsì, ó ní ìrókò ni ká fi bò ó, káfíńtà wa ní àfàrà náà dáa pé owó ẹ̀ ò tó yẹn. Èwo ni ká rà, báwo ni wọ́n sì ṣe ń tò ó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ilé o mà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ kó o láyọ̀. Ẹ fi àfàrà sílẹ̀ jàre. Ó fúyẹ́, ó rọ̀, ẹni tó wọ bàtà gogoro gùn ún díẹ̀ báyìí ojú ẹ̀ á ti máa jìn, ikán sì máa ń jẹ ẹ́. Ìrókò dáa, ṣùgbọ́n èmi igi apá ni mo fẹ́ràn jù fún àtẹ̀gùn, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ wú kì í sì fi bẹ́ẹ̀ súnkì bí òjò lọ tí ọyẹ́ dé. Tó bá jẹ́ ìrókò lẹ máa rà, ẹ yí pákó náà kẹ́ ẹ wo etí ẹ̀: àárín igi tó pọ́n yẹn ni ikán kì í sábà jẹ, etí tó funfun yẹn ni wọ́n máa ń jẹ, àwọn kan á sì fi fáníìṣì kùn ún kó lè jọra.

Kó gbẹ o. Etí ọ̀sà la wà ní Ìkòròdú, omi pọ̀ nínú atẹ́gùn ibí, pákó tí wọ́n là lánàá ní sọ́míìlì tẹ́ ẹ kàn mọ́lẹ̀ lónìí, á ká, á wọ́, á sì máa dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ wá ẹni tó ní mítà tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi, kí omi náà wà láàrin 12 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ to pákó náà sínú ilé yẹn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàrin wọn kí atẹ́gùn lè kọjá.

Àmọ́ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nínú ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe orúkọ igi, gíga àtẹ̀gùn yẹn ni, torí wọn kì í sábà sọ ọ́ fónílé. Ká ní ìkọ̀ọ̀kan ga ní 165mm, tẹ́ ẹ wá fi pákó 25mm lé gbogbo ẹ̀ lórí. Àwọn tó wà láàrin ò yí padà, torí gbogbo wọn ni wọ́n jọ ga sí i. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á di 190mm, èyí tó kẹ́yìn lókè á di 140mm. Tí táìsì bá ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀ àti lókè, tí òun àti sìmẹ́ǹtì abẹ́ ẹ̀ jọ jẹ́ 50mm, ó tún yí nìyẹn: ìsàlẹ̀ 140, òkè 190. Ẹsẹ̀ ti mọ ibi tó yẹ kó balẹ̀ sí kí ojú tó rí i, tí ò bá sì bá a níbẹ̀ èèyàn ti ṣubú, pàápàá lóru tíná bá lọ, tí màmá àgbà bá wà nílé ẹ̀rù ẹ̀ máa ń bà mí gan-an ni. Ẹ wọn ún láti ojú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tó ti parí dé ojú ilẹ̀ òkè tó ti parí, kẹ́ ẹ pín in sí iye àtẹ̀gùn: 2,970mm tẹ́ ẹ pín sí 18, 165 ni. Bírìkìlà ni kó fi sìmẹ́ǹtì tún kọnkéré náà ṣe títí ìyàtọ̀ gíga wọn ò fi ní ju bí 5mm lọ tí pákó àti táìsì bá ti wà lórí ẹ̀, kó tó kan káfíńtà.

Kọnkéré náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ fi téèpù lẹ láílọ́ọ̀nù mọ́ ọn yí ká di ọjọ́ kejì, bí omi bá wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ ṣì dúró. Kí wọ́n ti fín oògùn ikán sí ìdí àtẹ̀gùn níbi tó ti kan ilẹ̀.

Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó. Pákó tó dúró lẹ kọ́kọ́ lẹ̀, bíi 15mm ti tó fún un, ẹ wá gbé èyí tó sùn tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé e lórí, kí imú ẹ̀ yọ síwájú bíi 25mm. Ẹ má jẹ́ kẹ́yìn ẹ̀ kan kọnkéré, ẹ fi àlàfo 3mm sílẹ̀ kígi lè ráyè wú, pákó tó dúró tẹ̀ lé e ló máa bo àlàfo yẹn. Gúlù pọliyurẹ́téènì ni kí wọ́n lò, òun ló máa ń gbà kígi mira díẹ̀, kì í ṣe gúlù funfun káfíńtà, kì í sì í ṣe sìmẹ́ǹtì, torí ìyẹn á là. Kí wọ́n sì ti kun abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ pákó kó tó wọlé, kì í ṣe ojú ẹ̀ nìkan, àìkun abẹ́ ló máa ń mú kó ká.

Fáníìṣì tó ń dán gbinrin máa ń yọ̀, ẹ mú èyí tí ò dán púpọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ fi sánpépà ha á láàrin ẹ̀. Epo inú ìrókò lè má jẹ́ kí fáníìṣì tètè gbẹ, ẹ kọ́kọ́ kun èékù pákó kan wò. Kẹ́ni tó ń rẹ́ ẹ sì bo imú o, eruku ìrókò máa ń yún ara, ó sì ń mú èèyàn wúkọ́.